Àwa Tí A Fa Epo Ọkọ̀ Bàbá Wa Gbẹ

Láyé mi, mi ò tíì rí ọkọ̀ tó ń mu epo bí èyí tí bàbá wa fi sílẹ̀ lágbàlá wa ní Òwu. Píkọ́ọ̀pù ńlá ni, ti Amẹ́ríkà, irú ti àtijọ́ tí imú wọn máa ń gùn, tí ènìyàn mẹ́ta lè jókòó níwájú rẹ̀ kí èjìká wọn má kan ara wọn. Kọntirakítọ̀ òyìnbó kan tó wá ṣe ọ̀nà ló tà á fún bàbá wa nígbà tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti padà sílùú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí mò ń wí, kó sáà rò ó pé ẹnu mẹ́jọ ló ń mu nínú ife kan ṣoṣo, tí kò sì sí èyí tó ń sinmi nínú wọn.

Bí bàbá wa bá ti yà sí ilé epo, àwọn tó ń ta epo á ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

“Bàbá, ọmọ yín tún ti ń ké?”

“Ẹ fún un lọ́yàn kó dákẹ́,” bàbá wa á dáhùn. “Bí kì í bá ṣe òun, ta ni ì bá máa san owó oṣù yín?”

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá wa mọ ohun kan nípa ọkọ̀ yẹn tí àwa ọmọ rẹ̀ ò mọ̀, tàbí tí a mọ̀ tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa tì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ó lọ lófìfo àti kí ó lọ pẹ̀lú ẹrù ò tó nǹkan lójú ọkọ̀ náà. Irin ara rẹ̀ ló ń gbé kiri. Epo tó máa mu láti Òwu dé abúlé wa nígbà tí kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, díẹ̀ ló fi dín sí èyí tó máa mu nígbà tí ẹrù bá kún un tí àwọn ènìyàn sì tún jókòó lórí ẹrù. Nítorí náà, bàbá wa kì í gbé e jáde lófìfo. Bó bá ń lọ sí abúlé, á kọ́kọ́ yà sí Láfẹ́nwá, á kó iyọ̀, sìmẹ́ǹtì, kẹrosíìnì àti páànù tí àwọn ará abúlé rán an. Bó bá ń bọ̀, á kó ẹ̀gẹ́, igi ìdáná, láfún, ewúrẹ́, àti ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ wá sí ìlú. Ó lè dúró láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kí ẹrù tó pé. Ìyá mi á jókòó síwájú ọkọ̀, á máa fi gèlè fẹ́ ara rẹ̀.

“Bàbá wọn, ṣé ẹ̀yìn-ọ̀la la máa lọ ni?”

“Bí o bá fẹ́ lọ báyìí, fi ẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ yìí kì í mu epo o. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa gùn ún lásán, ẹ̀yin lẹ fẹ́ mu epo.”

Báyìí ni ọkọ̀ tí gbogbo ìlú ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ṣe bọ́ ilé wa fún ọdún pípẹ́.

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa fẹ́. Ìyá tèmi ni àgbà. Ìyàwó kejì bí àbúrò mi obìnrin tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Kuto. Ẹ̀kẹta la ń pè ní Ìyá Kékeré, òun sì nìkan ló ṣẹ́kù láyé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gé búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá Láfẹ́nwá. Ọjọ́ orí Ìyá Kékeré ò fi bẹ́ẹ̀ ju tèmi lọ. Mo ti ń lọ sílé ìwé kí wọ́n tó gbé e wọlé, nítorí náà kò pe orúkọ mi rí. “Ọkọ mi” ló ń pè mí, ó sì ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà ń pè é ní Ìyá. Ibi tí a bọ̀wọ̀ fún ara wa dé nìyẹn.

Abúlé ni Ìyá Kékeré ń gbé, láfún ló sì ń ṣe. Àpáta kan tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn abúlé wa, orí rẹ̀ ló ti máa ń sá ẹ̀gẹ́ tó bá rẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí o bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wàá rò pé ẹnì kan tẹ́ aṣọ funfun sórí òkúta. Àwọn obìnrin Láfẹ́nwá mọ láfún rẹ̀ yàtọ̀ láti orí àwọ̀. Wọ́n á ní kò ní iyanrìn, kò ní òórùn, bí o bá sì rò ó, á fà dáadáa. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, kò na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni fún oúnjẹ, àní bàbá wa pàápàá. Ó fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Á ní, “Èmi ò bá ọkọ jà nítorí owó ọbẹ̀ rí. Ẹ bi wọ́n léèrè.” Ohun tó fi ń gbé orí rẹ̀ sókè láàárín àwọn ìyàwó ilé nìyẹn, títí bàbá wa fi kú.

Nígbà tí bàbá wa kú, àwọn àgbà ẹbí jókòó láti pín ohun tó fi sílẹ̀. Ní ìdí-igi ni wọ́n pín in, ìdí-igi ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Ilé gba pípín, oko gba pípín. Ọkọ̀ ńkọ́? Ẹnì kan ní ká tà á ká pín owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun lòun ta ọkọ̀ bàbá òun. La bá ní ká máa lò ó ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdí-igi kan lọ́sẹ̀ kan, títí yóò fi yí ká. Ìyá Kékeré jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú aṣọ opó. Èmi ni mo dìde. Èmi ni Dáwódù. Mo ní ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọjà Láfẹ́nwá bá pé, onítọ̀hún ló gbọ́dọ̀ lọ gbé ẹrù Ìyá wá láti abúlé. “Ìyá gbogbo wa ni,” mo wí bẹ́ẹ̀. Àwọn àbúrò mi ní àmín. Àwọn àgbà gbàdúrà sí i.

Géèjì ọkọ̀ náà ti kú tipẹ́. Táńkì rẹ̀ wà lẹ́yìn àga dírẹ́bà, nínú ilé ọkọ̀ gan-an, nítorí náà bí o bá ṣí ìdérí rẹ̀, o lè ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Mo gé ọ̀pá oparun kan, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ àmì sí ìdajì rẹ̀. Ibi àmì yẹn ni epo gbọ́dọ̀ dé nígbà tí o bá ń gbé ọkọ̀ fún ẹni tó kàn. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. A kò jà. Ẹrù Ìyá ń dé ọjà.

Nígbà tó yá, ìjọba ní àwọn ò san owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Kò sí ẹni tí mo ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún, gbogbo wa la jọ wà níbẹ̀. Owó tó ń kún táńkì ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ di owó tó ń bò ó nídìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kàn yìí fúnra mi, kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ fa epo.

Pákó ni mò ń tà. Oníbàárà kan ní kí n bá òun gbé pákó lọ sí ọ̀nà jíjìn, mo sì ti rọ epo kún táńkì, àfi ìgbà tó tẹ̀ mí láago pé òun ò ṣe mọ́. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mi ni. Lọ́la, àbúrò mi obìnrin ni yóò gbé ọkọ̀. Mo dúró ti ọkọ̀ náà nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, mò ń wo ìdérí táńkì. Mo wá rọ́bà, mo ki ẹnu bọ̀ ọ́, mo fà. Epo kún ẹnu mi, mo tutọ́, mo sì darí ìyókù sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo sọ fún ara mi pé ohun tèmi ni mò ń kó. Mo fà á dé ibi àmì. Mo tún wò ó, mo ní epo tó máa gbé e dé ilé epo náà ti tó o, mo tún fà sí i.

Lọ́jọ́ kejì, kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù, àbúrò mi obìnrin ti pè mí.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀pá yín ti kúrú sí i ni?”

“Ọ̀pá wo?”

“Ọ̀pá tí ẹ fi ń wọn epo. Torí mo tì í bọ táńkì báyìí, ìdí rẹ̀ nìkan ló tutù.”

“Oòrùn ti fà á ni. Ṣé o ò mọ̀ pé epo máa ń fẹ́ lọ?”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé inú. “Ó dáa, bọ̀ọ̀dá. Oòrùn náà á mú tèmi náà.”

Oòrùn mú tirẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ó mú ti àbúrò wa ọkùnrin. Láàárín oṣù méjì, a ti di ọ̀gá nínú epo fífà, àwa tí irun ti funfun lórí wa. Àbúrò mi ọkùnrin rí ọ̀nà gbé e débi tí ọ̀pá fi ń jáde ní gbígbẹ. Gbogbo ẹni tó bá gba ọkọ̀ máa ń fi ọjọ́ àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ wá epo, á sì fi ọjọ́ ìkẹyìn fà á. Ohun tó tún burú jùyẹn lọ ni bí a ṣe ń wà á. Èmi á gbé pákó lọ, màá bọ̀ lófìfo. Arábìnrin mi á gbé sìmẹ́ǹtì lọ, á bọ̀ lófìfo. Búlọ́ọ̀kù náà á lọ, ọkọ̀ á bọ̀ lófìfo. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ẹlòmíràn ní nǹkan láti gbé ní ọ̀nà ibẹ̀. Ìrìn tí bàbá wa ì bá rìn lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́ta là ń rìn ín. Nígbà tó tún yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọkọ̀ ti darúgbó, pé epo tó ń mu ti pọ̀ jù. A pe mẹkáníìkì kan kó wá wo kábúrétọ̀ rẹ̀. Ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, ó tan ọkọ̀, ó sì tẹ́tí sí i títí.

“Bàbá,” ó ní, “ara ọkọ̀ yín dá ṣáṣá. Ẹ lọ wo ara ẹ̀yin tí ẹ ń wà á.”

A bínú sí i. A ní kò mọ iṣẹ́.

Ẹrù Ìyá ló jìyà rẹ̀. Òwò wa kankan ò gba ọ̀nà abúlé, nítorí náà ẹni tó bá rọ epo láti lọ gbé ẹrù Ìyá mọ̀ pé àwọn méjì yòókù ló ń rọ ọ́ fún. A wá ń wá àwáwí. Táyà ti jò. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Ọjà tó ń bọ̀, a ó lọ. Ìyá kì í jà. Ọ̀kadà ló fi ń kó àpò méjì ránṣẹ́ sí títì, títí owó ọ̀kadà náà fi ga jù ú lọ, nítorí epo kan náà ni ọ̀kadà ń mu. Bó bá pè mí lórí fóònù, kò ní béèrè ìdí tí a kò fi wá. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bi mí.

“Ọkọ mi, ọ̀sẹ̀ ta ni?”

Màá sọ ọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà á sì parí síbẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, Ìyá rẹ ẹ̀gẹ́ ju bó ṣe ń rẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnì kan tó ń ra láfún lọ sí Èkó ti bá a ṣe àdéhùn pé òun á pàdé rẹ̀ ní Láfẹ́nwá lọ́jọ́ ọjà kan báyìí, òun á sì kó gbogbo rẹ̀. Ìyá to àpò láfún náà jọ sínú yàrá rẹ̀ títí kò fi rí ibi sùn sí mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ náà pé. Ó pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ fún wa. Ó ní òun á ti kó ẹrù òun sí etí títì láti òwúrọ̀, kí ọkọ̀ má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ inú ẹrẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni ọ̀sẹ̀ àbúrò mi ọkùnrin parí, tí tèmi bẹ̀rẹ̀. Mo jáde sí àgbàlá, mo ti ọ̀pá bọ táńkì, mo fà á yọ. Gbígbẹ ni. Àbúrò mi wà níbẹ̀, ó ń kó ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀.

“O rí ọ̀pá yìí?” mo bi í.

“Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ àmì sí i, ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ fo àmì ọ̀hún.”

“Lónìí ńkọ́? Ìyá rẹ ló wà létí títì yẹn. Ìyá tó bí ọ lọ́mọ.”

Ó gbé ṣọ́bìrì kalẹ̀. “Áà. Ìyá tèmi ni lónìí? Lọ́jọ́ tí a ń pín ọkọ̀, mo gbọ́ tí ẹ ní ìyá gbogbo wa ni.”

Arábìnrin wa ti yọjú láti fèrèsé òkè, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dá epo jọ, kẹ́nì kan wà á lọ. Aráyé ti ń gbọ́ wa.”

“Ìwọ ńkọ́?” mo bi í.

“Èmi? Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mi.”

“Ìwọ náà ò kúkú lẹ́nu ọ̀rọ̀!” àbúrò mi ké sí i. “Ta ló gbé ọkọ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo fi ọwọ́ tì í dé ilé epo?”

“O ṣì ní agbára láti tì í. Ẹ kú iṣẹ́.” Ó pa fèrèsé dé.

Ká sọ òótọ́, kẹ́ẹ̀gì méjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó kún dé ọrùn. Mo mọ̀ pé tàbúrò mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, torí mo ń gbóòórùn rẹ̀ bí mo bá kọjá. Ti arábìnrin mi wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó fi aṣọ bò ó. Epo tó lè gbé ọkọ̀ yẹn lọ kó sì gbé e bọ̀ wà nínú ilé kan náà, ní ibi mẹ́ta. Mo dúró níbẹ̀, ohun tí mò ń rò ni pé bí mo bá gbé tèmi jáde báyìí, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ọwọ́ ti tẹ Dáwódù. Mo ní kí àbúrò mi gbé tirẹ̀ jáde ná, ìyá tirẹ̀ ni. Òun náà ń retí kí n gbé tèmi jáde, ọ̀sẹ̀ tèmi ni. Mo wọlé, mo jókòó. Àárọ̀ di ọ̀sán. Mo kírun ọ̀sán. Fóònù mi dún, mo rí i pé Ìyá ni, mi ò gbé e. Nígbà tó yá, ojú ọ̀run ṣú, òjò sì dé pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń ká páànù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo da kẹ́ẹ̀gì méjèèjì sínú táńkì, mo sì lọ. Mo bá Ìyá lórí àpáta ẹ̀yìn abúlé. Ó ti tún ń sá láfún náà. Àwọn ará abúlé ní òun pẹ̀lú ọ̀rá kan ṣoṣo ló jókòó létí títì títí òjò fi dá, ó gbìyànjú láti bo àwọn àpò, ọ̀rá náà ò ká wọn. Ẹni tó wá láti Èkó ti kó ti ẹlòmíràn lọ.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá.”

“Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Ẹ kú ọ̀nà.” Kò dìde. “Ọ̀sẹ̀ ta ni?”

“Ọ̀sẹ̀ mi ni.”

“Lánàá náà ńkọ́?”

“Ọ̀sẹ̀ mi ni, Ìyá.”

Ó mú láfún kan nílẹ̀, ó fọ́ ọ sí méjì, ó sì nà án sí mi kí n wò ó. Ó ti ń bu láti inú wá, ó ń rùn bí aṣọ tí a ká ní tútù. Mo ní oòrùn á gbẹ ẹ́. Ó wo ojú mi bí ẹni tó ń wo ọmọdé.

“Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè gbẹ,” ó ní. “Mo kàn ń sá a kí ojú má baà tì mí lójú àwọn ará ilé ni.”

Láti ọjọ́ yẹn kò rẹ ẹ̀gẹ́ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní a ó máa wá. Ó ní kò burú, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí nǹkan bí oṣù mẹ́ta kọjá, a gbọ́ pé ó ń gba gààrí lọ́wọ́ ìyá kan tí ilé wọn kángun sí ara. Òun tí kò gba owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ! Ìtìjú bá wa. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn, a ní ká mú un wá sí Òwu, ká máa bọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà ò pẹ́ rárá, kò sẹ́ni tó jiyàn. Mo ti ro ìdí tí kò fi pẹ́ láti ìgbà náà. Bí a bá ń lọ gbé ẹrù rẹ̀, kò ní lópin. Èyí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa rìn ín.

Lọ́jọ́ tí a lọ, kálukú gbé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó gbé e. A rọ gbogbo rẹ̀ sínú táńkì títí ó fi ń ṣàn sílẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síwájú, arábìnrin wa wà láàárín. A tún rántí yà sí Láfẹ́nwá, a gbé sìmẹ́ǹtì díẹ̀ fún àwọn ará abúlé. A ń sọ̀rọ̀, a ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lójú ẹni tó bá rí wa lọ́nà, ọmọ ìyá kan ni wá.

Ìyá ti di ẹrù rẹ̀ kó tó di pé a dé. Ó ti fún ìyá tó ń fún un ní gààrí ní àwọn dùrọ́ọ̀mù tó fi ń rẹ ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ rẹ̀, àti asẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ohun tó kù ò tó nǹkan: àpótí aṣọ kan, ẹní ìkírun, ìkòkò mẹ́ta, àga kan. Nígbà tí a kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀, ìdajì ibẹ̀ ṣófo.

Àbúrò mi ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún ìyá rẹ̀. Ó ní kó wá jókòó, kí òun bọ́ sẹ́yìn. Ìyá ò lọ síbẹ̀. Ó dúró ti ibi táńkì, epo tó ṣàn sílẹ̀ láàárọ̀ ṣì ń rùn lára àga.

“Ó kún?” ó bi wá.

“Ó kún, Ìyá,” arábìnrin mi yára dáhùn. “Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ rọ ọ́. Ó kún dé ẹnu.”

Ìyá wo èmi, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo arábìnrin wa. Ó tún ìró rẹ̀ ró.

“Ẹ kú ìnáwó o,” ó ní.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí àwọn tó bá sin òkú tán. Ó rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó di irin mú, ó gùn ún fúnra rẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí aṣọ rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì pé kó bọ̀ wá síwájú. Ó ní ká máa lọ, kí epo má baà máa jó lásán.